Káàdì Tuntun Nínú Ògbólógbòó

Lọ́jọ́ Ajé tí Bàbá Fèrè gbé páálí pẹlẹbẹ kan wọlé, ńṣe ló gbá a mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ ìkókó, tó ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì, ìyàwó rẹ̀, ń ká aṣọ gbígbẹ sórí àga. Ó wo páálí, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì padà sídìí aṣọ rẹ̀.

"Kí lẹ tún rà?"

"Káàdì àwòrán ni. Inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé. Òun ló ń ya gbogbo ohun téèyàn ń rí lójú ẹ̀."

"Ohun tó ti ń yà á látọjọ́ yìí ńkọ́? Ṣé ó ti gbàgbé iṣẹ́ ni?"

Bàbá Fèrè rọra gbé páálí rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ ojú irin fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n á mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn fọn fèrè àti ìgbà tó yẹ kó rọra kọjá.

Ẹnu iṣẹ́ yẹn náà ló ti gba orúkọ rẹ̀. Kò sí abúlé tó wà lójú ọ̀nà irin tí kì í fọn fèrè kí, débi pé àwọn ọ̀gá fi ìwé pè é lẹ́ẹ̀mejì pé ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ jókòó sẹ́yìn fèrèsé kékeré kan ní ibùdókọ̀ tó wà láàárín ọ̀nà, ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Ibẹ̀ náà ni Bàbá Fèrè, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà, tó ń wá ojúure ọmọge lójú méjèèjì, ti la ẹnu rẹ̀ sọ pé, "Bó o bá gbà láti fẹ́ mi, màá gbé ọ jókòó síwájú ọkọ̀ mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gan-an, kó o rí bí ọ̀nà ṣe máa ń ṣí sílẹ̀ níwájú awakọ̀."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọge gbà, ó fẹ́ ẹ. Àmọ́ òfin rélùwéè ò fàyè gba àlejò níwájú ọkọ̀, Bàbá Fèrè kì í sì í rú òfin rélùwéè. Lọ́dọọdún ló ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ yìí ń sún síwájú títí tó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó yá, wọ́n ti ọ̀nà náà pa, wọ́n hú irin rẹ̀, wọ́n sì sọ ibùdókọ̀ di ilé tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Láti ìgbà yẹn, bí Bàbá Fèrè bá ní òun máa tún ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ṣe lọ́la, ìyàwó rẹ̀ á bi í pé, "Ṣé lọ́la ti iwájú ọkọ̀ ni, àbí lọ́la ti gbogbo ayé?" Ẹ̀rín ló máa ń fi sọ ọ́. Bàbá Fèrè náà á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún dénú eegun, torí nínú gbogbo ohun tó ti ṣèlérí fún obìnrin yìí, òun nìkan ló kù tí kò tíì mú ṣẹ.

Wàyí o, àwọn kan tó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin bí ẹ̀mí ara wọn ti fara balẹ̀ ya gbogbo ọ̀nà àtijọ́ yẹn sínú géèmù, pẹ̀lú gbogbo afárá rẹ̀, gbogbo iná àmì rẹ̀, àti ibùdókọ̀ àárín ọ̀nà pẹ̀lú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ Bàbá Fèrè kan tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì ló ta á lólobó. Ogójì ọdún ìgbéyàwó wọn máa pé lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ náà, Bàbá Fèrè sì pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé lọ́jọ́ yẹn gan-an, òjò ì báà rọ̀, oòrùn ì báà ràn, ìyàwó òun máa jókòó síwájú ọkọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló dí i lọ́wọ́, ohun náà sì wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Ògbólógbòó ni wọ́n ń pe kọ̀ǹpútà wọn. Ó ti lo ọdún mẹ́tàlá nínú ilé náà. Bí wọ́n bá tàn án láàárọ̀, èèyàn lè wẹ̀, kó para, kó wọṣọ, kí òun tó la ojú tán. Nígbà tí Bàbá Fèrè kọ́kọ́ fi géèmù náà sínú rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó wà níbí, ó dúró jẹ́ẹ́, ó tún di ọ̀hún. Igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rí bí páálí tí wọ́n kùn láwọ̀ ewé.

Ìdí nìyẹn tó fi lọ bá Àǹtí Síkúrù, obìnrin tó ń ta ohun èlò kọ̀ǹpútà lópin àdúgbò, tó sì máa ń fi síkúrù há ètè bó bá ń tún nǹkan ṣe.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ ra kọ̀ǹpútà yín?"

"Kò tíì pẹ́."

"Kò tíì pẹ́ bíi ti ìgbà wo?"

"Ìgbà tí ọmọ mi ń wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì."

"Nọ́ọ̀sì tó ti di ọ̀gá wọ́ọ̀dù yẹn?" Àǹtí Síkúrù yọ síkúrù lẹ́nu. "Bàbá, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Káàdì tuntun á wọ inú kọ̀ǹpútà àtijọ́, á sì ṣiṣẹ́. Àmọ́ kò ní lè sá gbogbo eré tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ẹ gbé e lọ ná. Bó bá fi máa di ọjọ́ Àìkú tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e wá, màá gbà á padà. Tó bá ti kọjá ọjọ́ Àìkú, tiyín ni o."

Bàbá Fèrè délé, ó tú ìhà Ògbólógbòó. Eruku inú rẹ̀ tó gbin ẹ̀fọ́ sí. Ó gbá a mọ́, ó ki káàdì bọ ihò rẹ̀, ó gbọ́ tó ró kẹ́, ó sì dé e padà. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó jókòó, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ṣí géèmù.

Ọkọ̀ fò bí ọ̀pọ̀lọ́.

"Ó ti yàtọ̀ o," ìyàwó rẹ̀ sọ látẹ̀yìn. "Ó ń fò jìnnà ju ti àná lọ."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún káàdì yọ, ó tún un fi sí i. Lọ́jọ́rú, ó gbé fáànù orí tábìlì kọjú sí i, bóyá ooru ló ń mú un. Ọjọ́ yẹn ni ọmọbìnrin wọn yà kí wọn bó ṣe ń bọ̀ láti ọsibítù, tó bá bàbá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.

"Bàbá, ṣé aláìsàn lẹ ń tọ́jú ni?"

"Ara ẹ̀ máa tó yá."

"Kò lè yá. Bàbá, ẹ dákun, ọjọ́ ogbó ti dé sí i. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, màá fi mọ́tò wá. Màá dá káàdì yẹn padà fún Àǹtí Síkúrù, màá sì gbé Ògbólógbòó fún àwọn tó ń ra irin àlòkù."

"Ṣé bó o ṣe máa gbé èmi náà lọ nìyẹn?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ̀yin ṣì ń tètè jí."

Ìyá àti ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Bàbá Fèrè bá wọn rín díẹ̀ nínú ẹ̀, àmọ́ nígbà tí ilé pa rọ́rọ́, ojú ara rẹ̀ ń tì í. Ó ń rò ó pé òun ti fi ogójì ọdún sún ọ̀rọ̀ yìí síwájú, nígbà tóun sì wá ṣe tán, irin lásánlàsàn ló fẹ́ dójú ti òun.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó fi ìtìjú sápò, ó lọ bẹ Àǹtí Síkúrù pé kó tẹ̀ lé òun délé. Obìnrin náà dé pẹ̀lú báàgì irinṣẹ́ rẹ̀. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo inú rẹ̀, ó ní káàdì wọ ibi tó yẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wọ ẹ̀yìn tábìlì. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó máa yọ orí jáde, ẹ̀rín ti ń pa á, ó sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí síkúrù má baà jábọ́.

"Bàbá, ta ló so aṣọ pupa mọ́ wáyà sikirínì yín?"

"Ìyàwó mi ni."

"Inú ihò àtijọ́ ni wáyà yìí ṣì wà. Ihò káàdì tuntun ṣófo! Láti ọjọ́ Ajé ni káàdì ti wà nínú ilé yín, ẹnì kankan ò bá a sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i. Mo rò pé bí wọ́n bá ti jọ wà nínú ilé kan náà, wọ́n á mọ bí wọ́n ṣe máa ríra."

"Wáyà yìí lẹ ò bá yọ níbí, kẹ́ ẹ kì í bọ ọ̀hún."

"Báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́? Aṣọ pupa wà lára ẹ̀!"

Àǹtí Síkúrù na ọwọ́ sí aṣọ náà. Ni Bàbá Fèrè bá pariwo débi tí obìnrin náà fi ká ọwọ́ kò bí ẹni tí iná jó. Ọ̀rọ̀ náà gba àlàyé. Nídìí iṣẹ́ rélùwéè, bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ láti tún nǹkan ṣe, á kọ́kọ́ so aṣọ pupa mọ́ iwájú ọkọ̀ náà. Ẹni tó so ó nìkan ló lè tú u, ọ̀gá pátápátá ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, torí ẹni tó bá tú aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀ lè wa ọkọ̀ gun orí èèyàn. Òfin yìí ti wọ tọkọtaya náà lára débi pé wọ́n gbé e wálé. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì jókòó láti àárọ̀, ó ń tẹ orin tí ẹgbẹ́ akọrin wọn máa kọ. Bàbá Fèrè wá ibi tó máa ki wáyà rédíò rẹ̀ bọ̀, ó fa ti sikirínì yọ, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, ó rò pé ó ti kú, ló bá pa á pátápátá. Orin mẹ́rìnlá ló ṣègbé lọ́jọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀ ò bínú púpọ̀. Ó kàn wá aṣọ pupa, ó so ó mọ́ wáyà náà. Látọjọ́ yẹn, Bàbá Fèrè ò tún fọwọ́ kàn án, kódà kò gbá eruku ẹ̀.

"Bàbá," ni Àǹtí Síkúrù sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ìyàwó yín ò sí lábẹ́ ọkọ̀. Ilé ìdáná ló wà."

"Kó wá tú u fúnra ẹ̀ ni."

Wọ́n pe Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì. Ó dé pẹ̀lú ọwọ́ tútù, ó gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó dúró gbọn-in bí ẹni pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Awakọ̀, ṣé èèyàn wà lábẹ́ ọkọ̀?"

"Kò séèyàn lábẹ́ ọkọ̀."

"Ṣé ẹ tún máa fa wáyà nígbà tí mo bá ń tẹ orin?"

"Mi ò ní fà á mọ́."

"Ṣé ti iwájú ọkọ̀ ni, àbí ti gbogbo ayé?"

Bàbá Fèrè gbé e mì. "Ti gbogbo ayé ni."

Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀, ó tú aṣọ pupa, ó ká a, ó fi í sápò, ó sì padà sídìí iná rẹ̀. Àǹtí Síkúrù yọ wáyà, ó kì í bọ ihò káàdì tuntun. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn díẹ̀, ó sì mọ́lẹ̀. Bàbá Fèrè dìde dúró láìmọ̀. Ewé ń mì lórí igi. Ìrì wà lójú irin. Òkè tó ń rí láràárọ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n wà níbi tó fi í sí, kùrukùru sì bò ó lórí bó ṣe máa ń bò ó. Ọkọ̀ gbéra, ó ń yọ́ lọ bí omi.

Wọ́n dé ibùdókọ̀ àárín ọ̀nà, ọ̀pọ̀lọ́ sì tún padà dé.

"Ohun tí mo sọ fún yín nìyẹn," ni Àǹtí Síkúrù wí. "Káàdì ni akunlé, ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni bíríkìlà. Akunlé yín jẹ́ ọ̀dọ́, ọwọ́ ẹ̀ yá. Àmọ́ bíríkìlà arúgbó ló ń mọ ògiri fún un, akunlé ò sì lè kun ògiri tí wọn ò tíì mọ. Igi, oòrùn, kùrukùru, iṣẹ́ akunlé ni, ẹ fún un ní gbogbo ẹ̀. Àmọ́ igba èèyàn ló wà ní ibùdókọ̀ yìí. Bíríkìlà ló ń ronú fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó máa rìn, ẹni tó máa jókòó, ẹni tó máa wo aago. Ibẹ̀ ló ti ń rẹ̀ ẹ́."

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè," ni Bàbá Fèrè fèsì. "Bá mi dín èrò kù."

Wọ́n dín wọn kù di ọgọ́rùn-ún, ọkọ̀ ń fò. Wọ́n dín wọn kù di ogún, ọkọ̀ ń kọsẹ̀. Ó di márùn-ún, ó ṣì ń tiro. Nígbà tí wọ́n lé gbogbo wọn lọ, ọkọ̀ wọ ibùdókọ̀ wẹ́rẹ́ bí àdá wọ àkọ̀. Àǹtí Síkúrù pàtẹ́wọ́. Bàbá Fèrè ò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo pèpéle gbígbòòrò tí kò séèyàn lórí ẹ̀, inú rẹ̀ ò sì dùn, torí kì í ṣe ibi tó ṣèlérí nìyẹn.

"Ẹnì kan ńkọ́?" ló béèrè. "Ṣé ẹnì kan ṣoṣo ò lè wọ̀ ọ́?"

"Ẹnì kan? Ẹnì kan lè wọ̀ ọ́. Ta lẹ fẹ́ ká fi síbẹ̀?"

Bàbá Fèrè bojú wo ọ̀nà ilé ìdáná, ó sì tẹ̀ bá a, ó sọ ọ́ sí i létí.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó wọ kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Bọ́tìnnì àárín kọ̀ jálẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Ó dé fìlà awakọ̀, ó to àga méjì síwájú Ògbólógbòó, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì. Wá jókòó síwájú ọkọ̀."

Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì la ẹnu láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ ojú rẹ̀ bọ́ sára fìlà yẹn. Ó tú éépúrọ̀ọ̀nù rẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó sì wọ aṣọ aláràbarà tó fẹ́ràn jù, torí kò sẹ́ni tó ń fi aṣọ ìdáná wọ ọkọ̀ ojú irin. Ó wá jókòó.

Bàbá Fèrè nàka sí iná àmì, ó pè é sókè bí òfin ṣe wí. "Àwọ̀ ewé!"

"Àwọ̀ ewé!" ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn, ọkọ̀ sì gbéra.

Wọ́n kọjá lórí afárá, odò ń dán lábẹ́ wọn. Ojú irin méjèèjì nà lọ síwájú, ó dà bíi pé wọ́n máa pàdé, wọn ò sì pàdé. Nígbà tí wọ́n dé abúlé àkọ́kọ́, Bàbá Fèrè fi ibi tí wọ́n ti ń fọn fèrè hàn án. Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì tẹ̀ ẹ́, kò sì gbé ọwọ́ kúrò.

"Ó tó! Wọ́n máa fi ìwé pè wá o!"

"Kí wọ́n pè wá." Ó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló mi orí. "Ṣé ohun tẹ́ ẹ ń rí lójoojúmọ́ nìyí, tẹ́ ẹ máa wá wálé, tẹ́ ẹ máa ní ó rẹ̀ yín?"

Bàbá Fèrè rọra ń dín eré kù. Òrùlé ibùdókọ̀ yọ lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́yìn náà ni aago ńlá rẹ̀, lẹ́yìn náà ni pèpéle gígùn náà.

"Èrò dà?" ni Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì béèrè. "Ibí yìí kì í dá báyìí."

"Ògbólógbòó ò lè gbé wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè gbé."

Ọkọ̀ sún dé iwájú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, ó dúró. Obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù jókòó sẹ́yìn fèrèsé náà, ó tẹrí ba, ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì.

Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà.

"Èrò máa ń kún ibẹ̀ lóòótọ́," ni Bàbá Fèrè wí. "Àmọ́ bí mo bá ti ń wọlé, mi ò mọ ojú ẹnì kankan nínú wọn. Fèrèsé yìí ni mo máa ń wò. Ohun tí mo fẹ́ kó o rí látọjọ́ yìí nìyẹn."

Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Bẹ́ ẹ bá ti ń wo fèrèsé, ta ló wá ń wo iná àmì?"

"Apá ibẹ̀ náà ni iná àmì wà."

"Irọ́ ni. Apá òdì kejì ló wà, mo ṣiṣẹ́ níbẹ̀." Ó fà á lọ́wọ́ kóòtù. "Ẹ dá ọkọ̀ padà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká tún wọlé."

Wọ́n tún wọlé. Kí wọ́n tó wọlé lẹ́ẹ̀kẹta, Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì dìde, ó ní òun ń bọ̀, ó lọ wá nǹkan nínú àpò éépúrọ̀ọ̀nù rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn tábìlì kọjá, ó sì tún padà wá jókòó.

Orí ìyẹn ni ọmọ wọn bá wọn, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí fìlà, ó rí kóòtù tí bọ́tìnnì rẹ̀ kọ̀, ó rí ìyá rẹ̀ tó wọ aṣọ òde nínú ilé, àmọ́ ilẹ̀ ti ń ṣú, kò ráyè béèrè.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ n tètè tú u kí Àǹtí Síkúrù tó ti ṣọ́ọ̀bù."

Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn tábìlì, ó na ọwọ́ sí wáyà tó lọ sínú káàdì tuntun. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Aṣọ pupa wà lára wáyà náà, wọ́n so ó ní kókó méjì. Ọmọ rélùwéè lòun náà. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

"Màmá, ìgbà wo lẹ máa tú aṣọ yìí?"

Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì ò yíjú kúrò lójú ọ̀nà.

"Ọdún tó ń bọ̀," ló sọ, ó sì fọn fèrè.